Bíríkì Tó Gba Ìka Aunty Fúnkẹ́

Ọwọ́ ọ̀tún Aunty Fúnkẹ́ kò mọ ooru mọ́. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní ìlú Morrow lẹ́bàá Atlanta, ó ki ọwọ́ náà bọ omi tó ń hó lórí iná, ó sì ń wo ojú mi. Kò ké, kò fà á yọ. Èmi ni mo fà á jáde.

Ẹ gbà mí gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn fún àwọn èèyàn wa ní Atlanta. Mo ti kọ nípa jàǹbá ọkọ̀, nípa ìjà ṣọ́ọ̀ṣì, nípa òkú tí ẹbí kò wá gbé. Ẹni tó bá gbé ìtàn iwin wá bá mi, mo máa ń ní kó lọ sùn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló rí i, ẹlẹ́rìí sì wà.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá ni ṣọ́ọ̀ṣì Aunty Fúnkẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé kan ní àdúgbò West End ní Atlanta. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni, bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ojú irin sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ilé náà dàgbà ju ẹnikẹ́ni tó wà láàyè ní àdúgbò yẹn lọ. Wọ́n ní kí n wá ya fọ́tò, kí n kọ ọ́ pé Ọlọ́run ti ṣe é.

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. A da òróró sílẹ̀, a kọrin, a yí ilé po lẹ́ẹ̀méje. Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ ní kí oníkálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ògiri, kó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ilé náà.

"Ẹ sọ ọ́ jáde! Ohun gbogbo tó wà nínú ilé yìí, mo gbà á! Ogún tó wà níbí, tèmi ni! Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣáájú kò parí, èmi ni màá parí ẹ̀!"

Àmín wọn mi ilé. Èmi ò gbé ọwọ́ lé nǹkan kan, nítorí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi. Kámẹ́rà yẹn ló kó mi yọ.

Aunty Fúnkẹ́ dúró ní igun ẹ̀yìn, níbi tí símẹ́ńtì ti ṣí kúrò lára ògiri. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn ni ó ń tọ́jú. Iṣan tí kò nípọn ju fọ́nrán òwú lọ, òun ni àwọn dókítà máa ń pè láti wá a rí. Orí ìka yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni iyì rẹ̀ wà.

Ó rí bíríkì kan tí ìka mẹ́rin ti tẹ̀ wọnú rẹ̀, bíi pé ẹnì kan gbá a mú nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Uncle, ẹ wá wo nǹkan! Ó bá mi mu bí ìbọ̀wọ́."

Ó ki ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́, ó sì ṣe Àmín tirẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yọ wọ́n, mo ya fọ́tò bíríkì náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí mo gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri gbà. Lẹ́yìn Àmín, nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́, ọkùnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará gúúsù níbí sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ náà gan-an. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tó ń ka ewúrẹ́. Ó ní, "Ọ̀kan ti dé. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Mo ní ẹni tó ń kọjá lọ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Aunty Fúnkẹ́ pè mí sí Morrow. Ẹ ti gbọ́ ti omi gbígbóná. Mo wé ọwọ́ náà fún un, ó sì sọ ìyókù. Láti ọjọ́ bíríkì yẹn, láràárọ̀ tó bá jí, amọ̀ pupa á wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Eruku á wà lórí ìrọ̀rí. Apá á máa ro ó bíi ti ẹni tó gbé ẹrù sùn.

"Mo gún ọmọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Uncle. Ọmọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Wọ́n ti yọ mí kúrò lórí shift. Tí ọwọ́ yìí ò bá padà kí oṣù tó parí, wọ́n ní kí n máa lọ."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Pásítọ̀ ní kó gbààwẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó bi í bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò tíì jẹ́wọ́. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé, "Aunty, ẹ lọ bẹ ìyá ọkọ yín. Kì í ṣe bíríkì ló ń jà." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo padà sí West End lọ bi àwọn aládùúgbò léèrè. Òdìkejì títì ni Míṣítà Lírọ́ì ń gbé, bàbá arúgbó, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Orí àga níwájú ilé rẹ̀ ló wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀:

"Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti sun àwọn bíríkì yẹn. Ẹlẹ́wọ̀n ló sun wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní oko ẹrú parí. Ọlọ́pàá á mú ọkùnrin dúdú tó dúró jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ní kò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì yá a fún iléeṣẹ́ bíríkì. Bíríkì kì í tutù tán kí wọ́n tó ní kí wọ́n fi ọwọ́ lásán kó o. Tí ọ̀kan bá kú, wọ́n á lọ mú òmíràn lójú ọ̀nà. Iye wọn kò gbọdọ̀ dín. Bàbá bàbá mi jáde lọ ra iyọ̀. A ṣì ń retí iyọ̀ náà."

Ó wo òdìkejì títì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rí i tí ẹ ń yí ilé po tí ẹ ń kọrin. Níbi tẹ́ ẹ ti wá, ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń wọ ilé onílé nìyẹn?"

Ojú tì mí. Nílé wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àgò là ń ké. Bí wọn kò bá dáhùn pé àgò yà, ẹsẹ̀ wa kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. A gbé òróró wá, a gbé gìtá wá. Kò sẹ́ni tó kágò.

Nítorí náà, ní ọ̀sán Sátidé kan, àwa mẹ́ta lọ síwájú ògiri yẹn: Aunty Fúnkẹ́, Míṣítà Lírọ́ì àti èmi. Oòrùn ń ràn gan-an. Aunty Fúnkẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Àgò onílé o." Ó ki ìka bọ ojú ìka inú bíríkì náà. "Ẹ má bínú. N kò gbà á mọ́. Mo dá a padà."

Ọkọ̀ ojú irin kọjá lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ariwo rẹ̀ lọ tán, ògiri ti gbóná. Mo fi ojú mi mọ ooru náà láti ibi tí mo dúró sí. Etí ìwé tí mo mú lọ́wọ́ ń ká kò.

Lẹ́yìn náà ni ohùn yẹn jáde láti inú ògiri, jẹ́jẹ́, ohùn inú ẹ̀rọ mi gan-an.

"Ta ni yóò rọ́pò rẹ̀?"

Ọwọ́ Aunty Fúnkẹ́ kò yọ mọ́. A gbọ́ òórùn ẹran tó ń jóná, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dùn ún rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó wo bàbá arúgbó náà, ó sì yí ojú sí mi.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́." Ó rọra ń sọ ọ́, bíi pé kò fẹ́ kí ògiri gbọ́. "Ẹ ṣáà fọwọ́ kàn án. Ẹ ní ẹ gbà á. Mo ní ọmọ mẹ́ta. Tiyín, ẹ̀rọ lè bá yín kọ̀wé."

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò.

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Tàbí kẹ́ ẹ dá mi. Ọwọ́ mi ti wọ àpò, n kò sì yọ ọ́.

"Má gbà," Míṣítà Lírọ́ì sọ lẹ́bàá etí mi. "Kò ní parí lórí tìẹ."

A dúró bẹ́ẹ̀ títí òjìji ògiri fi kàn wá lẹ́sẹ̀. Nígbà náà ni ògiri jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Orí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán bíi ti àwo. Kò sí ìlà kan ṣoṣo lórí wọn. Mo wo bíríkì: àwọn ìlà náà wà níbẹ̀, kedere, bíi pé àná ni wọ́n tẹ amọ̀. Mo wo fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́. Nínú fọ́tò yẹn, ojú ìka inú bíríkì náà kò ní ìlà kankan.

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń ṣí àpótí oògùn. Lọ́jọ́ tó padà lọ gbìyànjú, ó gbé ọwọ́ lé ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn niṣẹ́ bọ́.

Kì í gbé fóònù mi mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní amọ̀ ṣì ń wà lórí ìrọ̀rí. Ṣọ́ọ̀ṣì ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n sì ti gba gbọ̀ngàn kan lọ́nà Hampton. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ló ń dà mí láàmú. Mo bi í bóyá yóò bá mi lọ fọwọ́ kan ògiri náà. Ó ní òun ní ìpàdé.

Èmi náà, mo máa ń yẹ èékánná mi wò láràárọ̀. Ìkìlọ̀ mi kò gùn: ẹni tó bá gbé bíríkì tó ní ojú ìka fún yín, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wà nínú àpò.

Mo ń sọ ọ́ nítorí ohun tí òṣìṣẹ́ ìlú tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ sọ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ilé náà ti kọjá àtúnṣe, wọ́n á wó o lóṣù tó ń bọ̀. Bíríkì rẹ̀ kò ní ṣòfò. Wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á pín wọn fún gbogbo iléèwé tó wà nítòsí, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ní ojú ìka ni wọ́n á kọ́kọ́ pín, kí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ tiwọn wọ̀n ọ́n.

Mo bi í pé mélòó ló ní ojú ìka.

Ó ní àwọn ṣì ń kà wọ́n. Ó ní ó ya àwọn lẹ́nu, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i.