Bàbá ló kú, ọmọ ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri

Wọ́n gbá mi létí lónìí, etí mi ṣì ń hó bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní fọ́tò ní Òmù-Àrán ní kí n fi kọ̀ǹpútà dán ojú bàbá àgbà kan tó kú, fún pósítà ìsìnkú. Mo dán an! Mo pa ìhunjọ rẹ́, mo sọ irun funfun di dúdú, mo nu ilà ojú wọn kúrò pátápátá.

Àṣé ojú ọmọ wọn tí kò kọlà ló kù.

Bí pósítà ṣe dé ara ògiri ọjà, ariwo ta pé ọmọ ti tẹ̀lé baba. Ìyàwó ọmọ náà dákú.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó fún mi lọ́rùn.

“Ṣé èmi ni mo kú?”

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, mo kàn ń dán an ni!”

Gbàù! “Ìwọ ọmọ yìí, ilà baba mi, dọ̀tí ni lójú ẹ?”

Ó la kámẹ́rà mọ́lẹ̀. Ó fa àwọn pósítà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, àfi ẹyọ kan. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

Ẹ bá mi dá sí i o. Tí iṣẹ́ mi bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń mú ìyẹn lọ sílé fún?