Àbúrò Ọjọ́ Mọ́kànlélógún

Bọ̀dá Gọ́ọ̀mù ni gbogbo àdúgbò ń pe atúnbàtàṣe yìí, torí gọ́ọ̀mù kì í kúrò ní ìka rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ó rò pé ó lérò. Irọ́ ni o! Bàtà lèrò ń bá wá. Bó bá délé, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, abọ́ kan. Kò mọ ìyá, kò mọ baba. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ló ti dàgbà.

Oníbàárà rẹ̀ kan wà, Ìyá Tíṣà, tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin náà wá bá a, ó ní òun fẹ́ ra ọ̀kan nínú tirẹ̀. Owó náà jọjú. Ṣùgbọ́n òfin ò gbà kéèyàn ta ẹ̀yà ara, ọsibítù ò sì ní gba ti ẹlòmíì àfi ti ẹbí. Ni wọ́n bá gbìmọ̀ pé àwọn á ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò làwọn.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni Ìyá Tíṣà fi kọ́ ọ ní pálọ̀ rẹ̀ bí ọmọ kíláàsì kìíní: orúkọ ìyá wọn, àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé wọn, ìgbà tí ajá lé wọn.

"O tún ti ṣì í! Èmi ni ajá bù jẹ. Ìwọ sá gun igi, ojo!"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bá mi dá a lẹ́bi o. Ẹni tí kò lẹ́nìkan, tí wọ́n wá gbé odidi ìdílé lé lọ́wọ́, ṣé kò ní dùn mọ́ ọn ni? Nígbà tó yá, kò ronú owó mọ́. Ó ń ṣe é bíi kí ọjọ́ náà má pé.

Ó pé. Dókítà mẹ́ta jókòó, wọ́n sì bi í ní ohun tí wọn ò kọ́ ọ.

"Bí ọ̀kan nínú yín bá ń ṣàìsàn, kí ni ìyá yín máa ń ṣe?"

Ó yíjú sí Ìyá Tíṣà. "Wọ́n á gbé ẹ̀gbọ́n mi lé itan kan. Wọ́n á ní kí èmi tára mi le wá jókòó sórí ìkejì, kí n má baà rò pé wọ́n ti gbàgbé mi."

Ìyá Tíṣà bú sẹ́kún. Àwọn dókítà buwọ́ lùwé.

Wọ́n là á, wọ́n rán an, ó gbowó, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Bọ̀dá Gọ́ọ̀mù gbowó dá tirẹ̀. Lóṣù kejì, ojú ọgbẹ́ wú, ibà dè é mọ́lẹ̀. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní àfi kí ẹbí rẹ̀ wá tọwọ́ bọ̀wé.

"Ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Nọ́ńbà wọn wà nínú fáìlì."

Ó fẹ́ kó wá, ó fẹ́ ẹ ju ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì pè, ohùn Ìyá Tíṣà sì jáde ketekete nínú fóònù.

"Mà, àbúrò yín ló ń ṣàìsàn níbí."

"Àbúrò wo? Èmi nìkan ni ìyá mi bí."

Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan, ó sáré pa fóònù.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọkùnrin náà. "Bọ̀dá, ta la máa wá pè báyìí?"

Ó ronú, ó ronú, kò rẹ́ni kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wọn pè," ó ní. "Bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni."