Imú Tí Jẹ́-Ó-Tutù Fi Ń Ṣiṣẹ́

Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti Jẹ́-Ó-Tutù ti jọ ń lo àgbàlá kan náà. Mẹkáníìkì ni òun, èmi ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ìyàwó rẹ̀ sì ń ránṣọ nínú yàrá kékeré tó fara ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yìí. Ọkọ̀ tó bá gbóná dé, tí omi inú rẹ̀ ń hó, kò sí bí ẹni tó ni ín ṣe lè kánjú tó, ọ̀rẹ́ mi ò ní fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀. Á gbé àga fún un, á ní, "Ẹ jẹ́ kó tutù ná." Mo ti rí ẹni tó bínú gbé ọkọ̀ lọ, mo sì tún rí i nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, tó ń wo ilẹ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àìsàn kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó dìde, gbogbo ara rẹ̀ ló yá, àfi imú. Kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Mo jó rọ́bà níwájú rẹ̀ títí ojú èmi fi ń ṣomi, òun ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni fún mẹkáníìkì. Omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ ní òórùn kan tó dùn díẹ̀, bíi ti ṣúgà tó fẹ́ jóná. Tí òórùn yẹn bá ń bá èéfín jáde ní salẹ́ńsà, omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ: ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi àti iná pàdé.

Báyìí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe di imú rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá dé ibi òórùn, ọkùnrin náà á kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó á jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, bí ẹni tó kàn fẹ́ na ẹsẹ̀, á gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá. Tí òórùn bá wà, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá sí, á wọlé padà. Àwa mẹ́ta nìkan la mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, àárín wọn ò gún. Ìyàwó ti gbé ọbẹ̀ kaná, ó bá aṣọ tí oníbàárà ń kánjú sí lọ, ọbẹ̀ sì jóná. Èmi tí mo wà lẹ́nu géètì mọ̀ pé ó jóná. Ni ọkọ bá wọlé, ó jókòó, ó ní, "Ọbẹ̀ yìí mà ń ta sánsán o." Obìnrin náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni kò bá a sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n wá sọ di ìránṣẹ́. "Sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ wà lójú fèrèsé." Ẹni tí mo fẹ́ sọ fún ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó sú mi.

Àsìkò yẹn gan-an ni agbẹ̀bí àdúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, gbé ọkọ̀ wọn wá. Ọkọ̀ náà ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún. Òun ni wọ́n fi ń lọ gbé àwọn aboyún tí ọmọ ti ń mú. Ojoojúmọ́ ni omi rẹ̀ ń dín, tí ẹ̀kán kan kì í sì í kán sílẹ̀. Mẹkáníìkì mìíràn ti ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, pé owó tí wọ́n máa fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ọ̀la ni oníirin ń bọ̀. Ọdún méjì ló kù kí Màmá fẹ̀yìn tì, kò sì sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ rí òmíràn. Wọ́n ní ohun tí Jẹ́-Ó-Tutù bá sọ ni àwọn máa ṣe.

Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá omi ń jò sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, páálí gbẹ. Màmá ti dé, wọ́n dúró tì í. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì dúdú bó ṣe yẹ, kò dà bíi mílíìkì bíi ti ọ́ìlì tí omi ti wọ̀. Ó ṣí rédíétọ̀ ní tútù, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ń wò ó bóyá omi á máa yọ ìfóófòó, omi dúró jẹ́ẹ́. Ó wá de páǹpù ọlọ́wọ́ mọ́ ẹnu rédíétọ̀, ó fún atẹ́gùn sí i. Ọwọ́ aago tó ń wọn atẹ́gùn lára páǹpù náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo họ́ọ̀sì gbẹ táútáú. Omi ń lọ, a ò mọ ibi tó ń lọ. Ó ku òórùn.

Ó wo ògiri. Ó gbé ọwọ́ sókè láti kàn án, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ni ọkùnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sídìí salẹ́ńsà, ó dijú, ó fa èémí símú bí ògbóǹtarìgì. Mo wúkọ́ kó lè rántí pé kò gbọ́ òórùn. Ó ní kí n lọ mu omi. Ó dìde, ó nu ọwọ́.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí. "Gásíkẹ́ẹ̀tì náà ni. Ẹ jẹ́ kí oníirin máa gbé e lọ."

Agbẹ̀bí sún mọ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lé ikùn aboyún, wọ́n sì béèrè bóyá kí àwọn máa kó ẹrù àwọn kúrò nínú búùtù.

Inú bí mi. Mo wọ yàrá aránṣọ lọ. Kí n tó lanu, ó ti ní kí n sọ fún ọkọ òun pé òun ń fi síìpù sí aṣọ. Mo ní kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló rán mi, mo sì sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti fi imú ara rẹ̀ dájọ́ ọkọ̀ agbẹ̀bí. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ Màmá yìí ni wọ́n bọ́ sí, orí àga ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn gan-an ni àbíkẹ́yìn sì ti ké.

Ó jáde, kò wo ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún un kó tan ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí salẹ́ńsà, ó pẹ́ níbẹ̀, kò wúkọ́. Ó wá wọ iwájú ọkọ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, ó ní kí n sọ fún un kó tan híítà, ohun tó ń fi omi gbígbóná rédíétọ̀ mú inú ọkọ̀ móoru. Ó béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá kùrukùru kì í bo gíláàsì iwájú láti inú. Màmá ní àràárọ̀ ni, pé ìborí àwọn làwọn fi ń nù ún, àwọn rò pé èémí àwọn ni. Aránṣọ fi ìka ra gíláàsì, ìka rẹ̀ ń yọ̀. Ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó wúkọ́.

Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ ti rin gbingbin, omi aláwọ̀ ewé ń sun jáde lára rẹ̀. Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún.

"Bàbá wọn, ibí ni omi ń lọ. Híítà ló ń jò. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì."

Jẹ́-Ó-Tutù jókòó lórí táyà mi kan. Mo rò pé á wá àwáwí. Kò wá a.

"Màmá, imú mi ti kú láti ọdún mẹ́ta," ó ní. "Imú ìyàwó mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́. À ń jà, mi ò lè rẹ ara mi sílẹ̀ kí n pè é, díẹ̀ ló kù kí n ba ọkọ̀ yín jẹ́."

 Màmá ní ṣé imú rẹ̀ làwọn gbé ọkọ̀ wá fún ni, kí ló dé tí kò ti sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí. Wọ́n wá gbá aránṣọ mọ́ra tòun ti téèpù ọrùn rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò tó wákàtí kan. Jẹ́-Ó-Tutù yọ họ́ọ̀sì méjèèjì tó ń lọ sí híítà, ó fi páìpù kúkúrú so wọ́n pọ̀, ó tún fún atẹ́gùn sí rédíétọ̀. Mo lẹ táyà kan tán, ọwọ́ aago ò kúrò níbi tó wà. Agbẹ̀bí wakọ̀ lọ, wọ́n ní kí oníirin lọ wá irin síbòmíràn.

Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló kù lọ́dọ̀ wa, tọkọtaya náà jọ sá a sórí ògiri kó gbẹ. Mo wà nítòsí, wọn ò kà mí sí. Ìyàwó béèrè ìdí tó fi fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ọbẹ̀.

"Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó jóná."

"Òórùn wo lẹ wá gbọ́?"

"Tìẹ ni. Tí o bá ti gbé àwo ka iwájú mi, mo máa ń rántí bí ọbẹ̀ rẹ ṣe máa ń ta sánsán. Òun nìkan ni mo ṣì ń gbọ́."

Obìnrin náà ń tún kápẹ́ẹ̀tì tó ti nà dáadáa nà. Omi ti lé ròrò sí i lójú. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n sọ fún un pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà ò ju ìṣísẹ̀ kan sí i lọ. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un.