Ọ̀rọ̀ Méjì Níwájú Ààfáà

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo mú un wá." Ọmọ náà, géńdé ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Bẹẹrẹ, dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní Sátidé mo máa ń gba àwọn tó ń kólòlò ní yàrá iwájú ilé wa ní Pópó Yemọja, níbi tí wọ́n bí mi sí. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ni kì í fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí wọn ní ọsibítù nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyá tó bí mi pàápàá, nígbà tí mo sọ fún un pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ó wò mí títí, ó ní, "Ta ni ò mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú ilé yìí?" Mo dá a lóhùn pé àǹtí wa ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni; ó ń kólòlò débi pé bí àlejò bá ti wọlé báyìí, ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà jáde. 

Mo ní kí ìyá àti ọmọ jókòó. Ìyá ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní láti kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ààfáà ti fọ wàláà fún un mu, wọ́n ti bu omi sínú ìkarahun ìgbín fún un, olùkọ́ kan tilẹ̀ máa ń gbá a létí lójijì, ó ní ìpayà yóò tú u láhọ́n. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ní báyìí ó fẹ́ gbéyàwó. Bẹyẹrúnká ni ilé àwọn ìyàwó, yìgì ti sún mọ́lé, bàbá ìyàwó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí ò lè fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á.

Mo kọjú sí ọmọ náà. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

Ìyá la ẹnu. Mo fọwọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. A dúró. Ọrùn ọmọ náà le, ó ń ṣẹ́jú ṣáá, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun, ohùn kankan ò jáde. Mi ò gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Kó... kó... kó lọ. Kó tó di ọjọ́ yìgì."

Ibi tó máa ń nira fún mi jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo sọ fún un pé mi ò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìkólòlò tó ti bá èèyàn dàgbà kì í ṣe ibà tí à ń loògùn sí kó lọ. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ láìbá ẹnu ara rẹ̀ jà, kí ẹ̀rù tó ń bà á sì dínkù. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó dìde, ó jáde. Ìyá rẹ̀ wò mí bí ẹni tí mo já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀lé ọmọ rẹ̀.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Àmọ́ ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òun nìkan ló wá. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ti tẹ ohun tó fẹ́ sọ síbẹ̀. Mo dá a padà fún un láìkà á.

"Sọ ọ́ fún mi. Mi ò kánjú."

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Ó ní orí wọ́sáàpù lòun ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, orí ẹ̀ náà lòun àti ìyàwó ti fẹnu kò láti fẹ́ra. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bọ̀, òun á tan ẹ̀rọ wẹ́dà, nítorí ẹni tó bá rí iná tó ń ta ò ní retí pé kí òun fèsì. "Ṣù... ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ yìgì."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ààfáà yóò retí lẹ́nu rẹ̀: mo gbà. Ṣùgbọ́n "gb" yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ akólòlò. Ètè á pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n á pa dé pẹ̀lú rẹ̀, bí èèyàn bá sì fipá tì í, kò ní ṣí. Mo kọ́ ọ kó fi ètè kan ètè fẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń fọwọ́ kan irin tí kò mọ̀ bóyá ó ti tutù. Ó fẹ́ máa wí ọ̀rọ̀ méjì náà láti àárọ̀ dalẹ́, mo kọ̀ fún un. Mo ní bí a bá sọ ọ́ di nǹkan bàbàrà, ó máa wúwo ju ohun tí ẹnu rẹ̀ lè gbé lọ. Ohun tó yẹ ká dojú kọ ni ojú àwọn èèyàn.

Mo wá sọ fún un pé Ọjà'ba la máa lọ, pé a máa mọ̀ọ́mọ̀ kólòlò níbẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Mo dúró níwájú bàbá kan tó ń ta àgádágodo, mo ní, "Bàbá, è... è... èló ni à... à... àgádágodo yìí?" Bàbá gbójú kúrò lára mi. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, síbẹ̀ gbogbo ara mi gbóná.

Ó wá kan òun. Ó lọ bá obìnrin kan tó ń ta kànìnkànìn àti ọṣẹ. Kò tilẹ̀ nílò pé kó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ìkólòlò gidi ló gbá a mú. "Kà... kà... kà..." Obìnrin náà ò dúró. "Ọṣẹ lẹ fẹ́, àbí? Ẹ gbà." Ó ti na ọṣẹ sí i. Alábàárù kan tó ru ẹrù dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń pariwo pé kó yà lọ́nà. Mo rí i tó ń wo ọṣẹ náà. Bó bá gbà á, wàhálà ti tán. Ó mi orí pé rárá, ó yà fún alábàárù, ó tún padà síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán. Kànìnkànìn ló rà.

A ń gun òkè lọ sí Màpó. Ó ní, "Ọ... ọṣẹ tí mi ò fẹ́ pọ̀ ní yàrá mi." A bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ yìgì pé. Inú agbo ilé àwọn ìyàwó la wà, lábẹ́ kánópì, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni mo jókòó sí, láàárín àwọn obìnrin. Bàbá ìyàwó jókòó níwájú, ó dojú kọ ọmọ náà. Ààfáà ka tirẹ̀ tán, ó wá fi Yorùbá bi í bóyá ó gba ọmọbìnrin náà ní aya. Nígbà náà ni ẹnì kan gbé máìkì sí i lẹ́nu.

Mi ò ronú kan máìkì. A ò fi í dánra wò rárá.

"Mo..." Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé èémí rẹ̀ jáde, gbogbo agbo ilé ń gbọ́ bó ṣe ń há. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Gbà, o ti gbà." Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá rẹ̀ fi èékánná gún mi lọ́wọ́, ó ti fẹ́ dìde. Mo fà á jókòó. Ètè èmi gan-an ti pa dé mọ́ra wọn.

Ààfáà rọra ní, "Ó tó, ọmọ mi. Bó o bá mi orí, Ọlọ́run ti gbọ́."

Bàbá ìyàwó ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àánú ló fi sọ ọ́ tàbí ìkà. Ọmọ náà gbé ọwọ́ kan sókè sí ààfáà pé kó dúró. Ó gbójú sókè. Láti ìgbà tó ti jókòó, ẹní ló ti ń wò. Ní báyìí ojú bàbá ìyàwó ló ń wò. "Mo gb... gb... gb..." Ó dúró. Kò fipá tì í. Ó jẹ́ kí èémí jáde, ó wá rọra kan ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́. "Mo gbà."

Ààfáà bẹ̀rẹ̀ àdúà lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń sunkún láìpariwo. 

Nígbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri, bàbá ìyàwó wá bá mi.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni dókítà rẹ̀."

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìkólòlò rẹ̀ ò tíì lọ."

"Kò lọ, Bàbá. Ó lè má lọ."

Ó ní, "Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí ńkọ́?"

"Ọ̀kan lè kólòlò, gbogbo wọn sì lè má kólòlò. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tètè mú un wá. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ká ní ó mi orí fún ààfáà ni, ǹ bá dìde kúrò níbẹ̀." Ó sọ ọ́ láìgbóhùn sókè, ó sì lọ kí àwọn àlejò rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí gan-an, nítorí pé nínú ọkàn mi, mo ti ń gbàdúrà pé kó mi orí.

Ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi fún oṣù mélòó kan sí i. Ó ṣì ń kólòlò, bí ó bá rẹ̀ ẹ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbé ìpè lórí fóònù. Àwọn oníbàárà míì máa ń rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe wọ́n, wọn á pa fóònù. Ó ní òun á pè wọ́n padà.