Lẹ́tà Ọpẹ́ Mọ́kànlélógún

Tí ẹ bá rí Hester Pruett lójú ọ̀nà, ẹ ó rò pé atẹ́gùn lásán lè gbé e lọ. Irọ́ ni. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé-ìwé Wendlecote, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wá nígbà tó gbá mi létí nítorí pé mo fa irun rẹ̀. A ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, mi ò sì tíì rí ẹni tó yí i lọ́kàn padà lórí ohunkóhun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé wàhálà dé lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Garside, onílẹ̀ tuntun, fi ṣẹ́ẹ̀nì àti àgádágodo ti géètì onígi tó wà lẹ́nu pápá.

Orí òkè ni abúlé wa wà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, láàárín pápá, ni ṣọ́ọ̀ṣì dá wà, pẹ̀lú ilé aago rẹ̀ onígun mẹ́rin àti àwọn òkú wa. Àjàkálẹ̀ àrùn ló lé àwọn baba ńlá wa kúrò níbẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n dáná sun ilé wọn, wọ́n sá gòkè. Wọn ò lè gbé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì lè gbé òkú. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ti la pápá kọjá, láti ẹ̀yìn ilé ọtí dé ẹnu ibojì. Òun ni wọ́n gbé gbogbo wa gbà lọ ṣèrìbọmi. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lágbedeméjì rẹ̀ tí àwọn tó bá gbé pósí máa ń gbé e lé láti sinmi.

Wilf, ọkọ Hester, ti wà nínú ibojì nísàlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Láràárọ̀, tí Hester bá ti mu tíì rẹ̀ tán, á sọ̀ kalẹ̀ lọ kí i. Bí ọ̀nà pápá bá dí, títì ló kù: máìlì méjì àbọ̀, kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Irin ni dókítà fi rọ́pò eegun ìbàdí Hester, kò lè rìn ín. Àwọn kan ní àwọn á máa fi mọ́tò gbé e lọ.

"Ṣé ẹrù ni mí?" ló bi wọ́n. "Lọ́jọ́ tí mo bá gbà kí ẹ gbé mi lọ, ọ̀nà yẹn ti kú nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ni màá fi lọ, tàbí kí n má lọ."

Garside kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣe ló ra ilẹ̀ náà nígbà tí Tunnicliffe àgbàlagbà tó ni ín tẹ́lẹ̀ kú, kò sì mọ̀ wá rí. Hester lọ bá a nílé, èmi náà tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gbẹ́ni Garside, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ ti ọ̀nà wa?"

"Ọ̀nà yín kẹ̀? Màmá, ilẹ̀ mi ni. Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀ nínú máàpù ìjọba."

"Ṣé máàpù ló ń rìn ni? Èmi ni mò ń rìn."

"Ẹ lọ sọ fún ìjọba."

"Màá lọ."

Ó sì lọ lóòótọ́. Òfin ní tí àwọn ará ìlú bá ti rin ọ̀nà kan fún ogún ọdún láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀nà náà ti di ti gbogbo èèyàn. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni Hester fi ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lábẹ́ abíyá, nínú òjò, nínú yìnyín. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló fọwọ́ sí i. Dennis Pyke onílé ọtí náà fọwọ́ sí i, ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí elégédé Hester ti ju tiẹ̀ lọ níbi ìdíje. Láràárọ̀, Hester á mú òdòdó dé ibi géètì, á gbé e lé e lórí, á sì padà sílé.

Nínú oṣù Karùn-ún, ìjọba rán ọkùnrin kan wá gbọ́ ẹjọ́ ní gbọ̀ngàn abúlé. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án ló wọ̀ wá, gbogbo wa la rí i nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àfi ìgbà tí lọ́yà Garside dìde, tó gbé ìdì lẹ́tà kan tí Tunnicliffe fi sílẹ̀ sókè.

Mo dá wọn mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà ní Wendlecote, mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Hester dáadáa. Èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi kó àwọn lẹ́tà yẹn fún Tunnicliffe, ọ̀kan lọ́dọọdún, mọ́kànlélógún.

Lọ́yà ka ọ̀kan: "Ọ̀gbẹ́ni Tunnicliffe, ẹ ṣeun púpọ̀ fún ọ̀nà pápá lọ́dún yìí náà. Mo fi jáàmù díẹ̀ ránṣẹ́." Ó ka òmíràn. Ó ka ìkẹta. Ó wá ní, "Ta ló ń dúpẹ́ fún ohun tó jẹ́ tirẹ̀? Ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún ló ń dúpẹ́. Àṣẹ ni wọ́n gbà."

Pyke mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Jáàmù ló máa pa wá," ló wí.

Inú bí mi sí gbogbo wa. Irú èèyàn wo ni wá? Ẹni tó tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ là ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. A ó ra búrẹ́dì, a ó sanwó, a ó dúpẹ́. Ẹni tó tà á á dúpẹ́, a ó tún dúpẹ́ pé ó dúpẹ́.

Hester fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí tí mo ti ní kí Tunnicliffe jẹ́ kí n kọjá."

Lọ́yà ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ẹ fara balẹ̀ wò ó, mi ò kánjú."

"Kò sí níbí," ni lọ́yà wí.

"Kò lè sí. Mi ò tọrọ rí. Bàbá mi ò tọrọ rí." Ó yíjú sí aṣojú ìjọba. "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kí lẹ sọ fún awakọ̀?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. "Mo ní ó ṣeun."

"Ṣé awakọ̀ ló ni títì?"

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Pyke ń fọwọ́ lu tábìlì. Ṣùgbọ́n Hester ò rẹ́rìn-ín.

"Tunnicliffe máa ń gé ẹ̀gún kúrò lójú ọ̀nà fún wa. Ìyẹn ni mo dúpẹ́ fún, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé lẹ máa fi dínà ibojì ọkọ mi mọ́ mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà, kí àwọn ọmọ Wendlecote lè kà á, kí wọ́n má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé."

Ó jókòó. Aṣojú ìjọba ń kọ̀wé, kò gbójú sókè.

Oṣù Kẹsàn-án ni èsì tó dé. Ọ̀nà náà di ti gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, Hester ní kí n sin òun lọ. A bá Garside fúnra rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ti tú ṣẹ́ẹ̀nì, ó ti gé ẹ̀gún tó wà lọ́tùn-ún lósì, ó sì ṣí géètì gbayawu.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Pruett."

Hester gbójú sókè wò ó. Ó la ẹnu. Ó pa á dé, ó mi orí sí i, ó kọjá.

Èmi tó wà lẹ́yìn ni "ẹ ṣeun" já bọ́ lẹ́nu mi, Hester sì fi ọ̀pá gbá mi lójúgun.

Nígbà tí a dé ibi òkúta pẹlẹbẹ, ó jókòó.

"Norris, díẹ̀ ló kù kí ọpẹ́ yẹn fún mi pa."

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́? O ti jàre."

"Kí n kọ́kọ́ rìn ín lọ́dún kan láì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, màá ṣe jáàmù fún un."

A dé ìdí ibojì. Koríko ti ga bo orúkọ Wilf. Ó fi ọwọ́ tú u, díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́, títí orúkọ náà fi hàn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta náà.

"Wilf, mo dé," ló wí. "O ṣeun tí o dúró dè mí."