Àwo Orin Bàbá Mi àti Ọjọ́ Ìkórè

Bàbá mi kó àwo orin bọ̀ láti Abíjáǹ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló wọ̀ mí lára nínú wọn. Fèrè kan á kọ́kọ́ fa ohùn sókè bí ẹni tó ń yán, dùùrù á dá a lóhùn, kí agbo olórin tó rọ́ wọlé. Jáàsì tí wọ́n ń lù nílé ọtí ni, orin òyìnbó tí wọ́n ń jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ náà ni, ọ̀kan ò sì lé ìkejì jáde.

Èmi ni mo ń lu dùùrù ní ìjọ wa ní Ẹ̀jìgbò nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Máṣífà, ni igbákejì mi. Tí a bá ti ibi ìdánrawò akọrin dé, ilé mi ló ń yà sí. Màá gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, màá gbé e kúrò, màá fi ìka hàn án lórí kíbọọ̀dù. Àṣírí àwa méjèèjì ni. Lọ́jọ́ Ìkórè, tí wọ́n bá pe ẹgbẹ́ wa síwájú, ni mo fẹ́ fi ya ìjọ lẹ́nu.

Ìkórè ku díẹ̀ ni Bàbá Ìjọ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé orin ilé ọtí ni mo fẹ́ gbé wọ ilé Ọlọ́run. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé àwo náà wá, sà, kí ẹ fetí ara yín gbọ́." Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n kúrò nídìí dùùrù, kí ọ̀rẹ́ mi bọ́ síbẹ̀. Ẹ wá wo ìwà agọ̀: ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo sáré lọ, pé kó bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi fi ìka fa dùùrù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣì í níbi tí èmi náà máa ń ṣì í. Ta ló tún gbọ́ àwo yẹn rí lẹ́yìn àwa méjèèjì? Òun ló lọ fẹjọ́ mi sùn. Inú bí mi. Bàbá Ìjọ dìde, wọ́n ń jó, ìjọ ń jó tẹ̀lé wọn. Nígbà tó parí, wọ́n bi í níbi tó ti kọ́ irú orin mímọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀mí ló fi hàn mí lójú àlá, sà."

Ìjọ pariwo Halelúyà. Bí a ṣe ń jáde, Bàbá Ìjọ fà mí lọ́wọ́. "O rí i? Irú èyí là ń wí. Lọ bá a, kó kọ́ ọ."

Ọ̀rẹ́ mi dúró tì wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ní fi dù mí.