Amọ̀ Tí Mo Búra Láti Dá Padà

Bí mo ti kírun àsùbá tán ni mo forí lé gáréèjì Ìsẹ́yìn, ike omi aró kan ní abẹ́ apá mi. Omi náà pọ́n bí osùn. Ibi tí mo ti ń pa òwú láró fún àwọn ahunṣọ ni mo ti bù ú, gọ́tà ni mo sì ti ń da irú rẹ̀ sí láti ọjọ́ tí màmá mi ti fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí kànga Ìyá Wàsíù, aládùúgbò mi, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo ní erùpẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀. Àwọn àgbà àdúgbò ò gbà mí gbọ́, wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí omi aró náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n ti ibi ìparó pa. Iṣẹ́ màmá mi!

Ṣakí ni mò ń lọ, sọ́dọ̀ Múnírà, ọmọ àbúrò mi, tó ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga. Ó ní amọ̀ lè gba àwọ̀ kúrò nínú omi. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù: "Amọ̀ tí ń sọ omi di ẹrẹ̀?" Ó ní kí n ṣáà yà ní Àgọ́-Àrẹ, kí n gbé àpò amọ̀ kan dání.

Ibi tí ọ̀nà ti dán, awakọ̀ á sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ibi tó ti bàjẹ́, inú koríko la ń gbà. Ní Ìsẹ́yìn, bí ẹ bá jí, ìró òfì lẹ óò kọ́kọ́ gbọ́. Lójú ọ̀nà yìí, màlúù àti afẹ́fẹ́ ni, àti ebè iṣu lọ́tùn-ún lósì. Awakọ̀ bojú wo ike mi.

"Àlájà, ṣé sóbò ni?"

"Mu ún wò," ni mo dá a lóhùn, "kí n jogún ọkọ̀ rẹ."

Ní Àgọ́-Àrẹ, ọ̀kadà gbé mi lọ sí kòtò tí àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀. Ìyá Ṣífáwù ni àgbà wọn. Ó bu ògì gbígbóná fún mi nínú ìkòkò tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ó fi àkàrà sí i. Mo ní omi ni mo fẹ́ fi amọ̀ náà fọ̀.

"A kì í tà á," ló wí. "Ẹni tó bá wà á, kó dá ìyókù padà sínú kòtò. Òjò á rẹ ẹ́, ẹlòmíràn á tún un pò."

"N ó dá a padà, Ìyá. Mo fi Ọlọ́run búra." Ta ló ní kí n búra? Ẹnu mi yìí! Mo wa àpò kan, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo dé Ṣakí, Múnírà gbé àpò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ó ti ní amọ̀ tó ti tún ṣe sílẹ̀ láti inú kòtò kan náà. Ó lọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó fi kẹ́míkà ṣí i ní ìpele-ìpele títí ó fi tín-ín-rín kọjá ohun tí ojú lásán lè rí. Náánò ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ó ní àárín ìpele wọ̀nyẹn ni àwọ̀ ń há sí. Ó bù ú sínú omi mi, ó rò ó, a lọ kírun ọ̀sán. Ìgbà tí a dé, amọ̀ ti rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó pọ́n wẹ̀. Omi tó wà lókè rẹ̀ mọ́ kedere. Omijé bọ́ lójú mi.

"Mi ò tíì ní kẹ́ ẹ mu ún o, Màmá. Ó kù kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àpò kan ò sì lè tó iṣẹ́ yín. Ẹ óò máa gbé òmíràn wá."

"Kò burú. Kó ẹrẹ̀ yẹn fún mi, kí n dá a padà sí kòtò bí mo bá ń padà lọ."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má dán an wò! Májèlé yẹn ò kú, inú amọ̀ ló wọ̀. Bẹ́ ẹ bá dà á sí kòtò, inú ìkòkò ọbẹ̀ ènìyàn lẹ dà á sí."

Mo rántí ògì tí mo mu láàárọ̀. A bu omi mímọ́ sínú ike kan, ẹrẹ̀ sínú èkejì, mo sì dé e pa.

Lọ́jọ́ kejì, mo lè kọjá ní Àgọ́-Àrẹ bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ṣífáwù, mo ròyìn ohun gbogbo fún un.

"O fẹ́ máa kó amọ̀ tí kò ní padà wá mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ibo wá ni yóò máa sùn?"

"Mi ò tíì mọ̀, Ìyá."

"Ọjọ́ tí o bá mọ ibẹ̀, wá mú mi lọ wò ó. Lẹ́yìn náà ni o tó lè wa òmíràn." Kò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àsárì kù díẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo ti ilẹ̀kùn ibi ìparó, mo sì fi igi fa ilà sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí n ó gbẹ́ kòtò sí fún ẹrẹ̀ náà, tí n ó fi símẹ́ńtì rẹ́ nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí n ó sì dé lórí. Títí a ó fi parí rẹ̀, òwú kan ò ní wọ aró. Lẹ́yìn náà, mo lọ bá Ìyá Wàsíù lẹ́bàá kànga rẹ̀, mo ní kì í ṣe erùpẹ̀, èmi ni. Mo na omi mímọ́ náà sí i, mo ní kó má mu ún. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ó ti lọ ni?"

Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ohun tí mo máa ń sọ náà nìyẹn bí mo bá ti da omi sí gọ́tà: ó ti lọ. Mo mú ike kejì jáde lábẹ́ ìborùn mi, èyí tí mo dé pa, tí amọ̀ pupa wà nínú rẹ̀.

"Kò lọ," ni mo wí. "Ó wà lọ́wọ́ mi."